Ìjà Tí Ọ̀ṣẹ́nì Kò Lọ Jà

Rárá o, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, Bàbá Rasheedah! Àga ọ̀rẹ́ yín ni, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń gbọ́ ẹ̀rín yín nínú rédíò, wàláhì bí ẹ bá fi ìdí kàn án báyìí, mi ò mọ ohun tí n ó ṣe. Ẹ bọ́ síbi ẹní níbí. Ẹ rọra, ẹ rọra, mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ ẹ́n. Ẹ kú ìjókòó.

Mo gbọ́, mo ṣe àmín. Ọlọ́hun á foríjìn ín, àmín. Ọlọ́hun á fi Àlùjánnà ṣe ilé ẹ̀, àmín. Gbogbo ẹni tó ń wọlé látìgbà tí wọ́n ti sin ín ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń ṣe àmín títí ẹnu mi fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin! Ẹ̀yin náà wá kí mi! Ìrẹsì tí wọ́n ń sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ ní kí wọ́n dá a padà sínú mọ́tò yín, mi ò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ìgbéraga. Ebi kọ́ ló ń pa mí.

Ṣé ẹ rò pé mi ò gbọ́ bí wọ́n ṣe dìde fún yín níta? Inú yàrá ni mo wà tí mo ń gbọ́ ọ, "Ṣáńpíọ̀n dé o! Ṣáńpíọ̀n tí ẹnìkan ò dá rí!" Nínú ilé òkú ọ̀rẹ́ yín! Àwọn tí wọ́n wá kí ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì, tí wọ́n jẹ àkàrà sàráà Ọ̀ṣẹ́nì, àwọn ló ń kan sáárá sí yín lórí ìjà Ọ̀ṣẹ́nì. Ẹ̀yin náà sì juwọ́ sí wọn. Àbí ẹ ò juwọ́? Ẹ juwọ́, ojú fèrèsé ni mo wà.

Ẹ má wò ó pé mo ń ṣe opó kẹ́ ẹ rò pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí opó má jáde nílé, wọn ò ní kí opó má lanu. Bó bá ṣe pé mo lè jáde ni, ilé yín ni ǹ bá wá bá yín, kí ìyàwó yín àti Rasheedah jókòó tì wá, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ló mọ ọ̀nà tó fi gbé yín wá síbí fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí rédíò, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ètò eré ìdárayá ọ̀sán Sátidé yẹn, èyí tí wọ́n ti máa ń mú eléré àtijọ́ méjì tí kò pàdé rí, wọ́n á ní ká fọkàn rò ó, ká ní wọ́n pàdé ńkọ́, ta ni ì bá borí? Àwọn èèyàn á máa fóònù wọlé, ẹni tó ń ṣètò á máa ké bí ẹni tó wà létí pápá, wọ́n á tan ariwo èrò sí i lábẹ́, ẹ ó rò pé òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn ètò yẹn. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì tí ò lè lọ sọ́jà mọ́, ètò yẹn ló máa ń retí bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á mú agbábọ́ọ̀lù, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á mú sárésáré. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á dé orí ẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ yẹn mò ń gé ilá létí ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin yẹn ní, "Lónìí, ìjà tí gbogbo Ìlọrin ń retí tí kò wáyé! Kẹ́hìndé pẹ̀lú Ọ̀ṣẹ́nì, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjì tó mọwọ́ jù láyé ìgbà yẹn, ìwọ̀n kan náà, mídùwéètì! Kẹ́hìndé fúnra wọn sì wà pẹ̀lú wa nínú stúdíò níbí!" Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde pé kí n pa rédíò. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó kù ún kù sókè, ó ní, "Ìyá Abdulhaleem, fi í sílẹ̀. Kẹ́hìndé ni. Jẹ́ n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Jẹ́ n gbọ́ ohùn ẹ̀! Ẹ gbọ́ nǹkan. Láti àdúgbò Ṣàngó níbí dé ilé yín, kẹ̀kẹ́ kan péré ni, ẹsẹ̀ yín ò wọlé yìí látìgbà tó ti dùbúlẹ̀, ẹni tí ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan rí, inú rédíò ló ti ń wá ohùn yín.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ráúndì kìn-ín-ní, wọ́n ní ẹ ti lù ú dé igun. Ráúndì kejì, ọmọkùnrin yẹn ń ké, "Ọ̀ṣẹ́nì ń wo ọ̀nà! Ọ̀ṣẹ́nì ń wo ọ̀nà ilé! Ọ̀ṣẹ́nì fo okùn o, Ọ̀ṣẹ́nì ti sá lọ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan fóònù láti Ipata, láti ọjà tí ọkọ mi ti ta iṣu títí ewú fi bò ó lórí, ó ní òun mọ̀ ọ́n, Ọ̀ṣẹ́nì Sálọ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, iṣu nìkan ló lè kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wọ́n tún rín in. Mò ń wo ojú ọkọ mi. Kò mira.

Ọmọkùnrin yẹn wá bi yín. Ẹ rántí? Ó ní, "Kóòṣì, ẹ fi àwàdà sílẹ̀. Bí Ọ̀ṣẹ́nì bá wá lọ́jọ́ náà lóòótọ́, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?" Bàbá Rasheedah, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun náà gbọ́ ọ, torí ó gbé orí sókè, ó tẹjú mọ́ rédíò. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti tó, Alhamdulilahi, ó ti tó wàyí, Bàbá Rasheedah fẹ́ sọ ọ́. Ẹ wá rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká fi Ọ̀ṣẹ́nì sílẹ̀ jàre. Ó mọ ohun tó rí tó fi sá."

Ó mọ ohun tó rí! Ẹ̀yin ẹ sọ bẹ́ẹ̀! Kí ló rí? Ẹ wí fún mi níbí tí kò sí rédíò, kí ni Ọ̀ṣẹ́nì rí? Ojú yín ló rí! Ojú òsì yín tó ti ń kú lọ, tí ẹ fi pamọ́ fún dókítà, tí ẹ fi pamọ́ fún ìjọba, tí ẹ fi pamọ́ fún ìyá tó bí yín, òun ló rí!

Ẹ ẹ́n, ẹ gbé orí sókè wàyí. Ẹ ò mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti bá a wọ sàréè ni. Àbí ẹ gbàgbé pé yàrá kan ni ilé wa nígbà yẹn? Ìyàwó tuntun ni mí, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà, ibo lẹ rò pé mo lọ?

Mo ti mọ̀ kó tó dọjọ́ yẹn gan-an pé nǹkan kan ò dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ò mọ̀ yín? Ibi ìdárayá kan náà, kóòṣì kan náà, ẹ jọ ń sáré lówùúrọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ jọ ń bọ̀ wá sílé wa láti jẹ ẹ̀kọ. Bí èmi bá bu ọbẹ̀ fún un, tiyín ni yóò kọ́kọ́ wò bóyá ẹran wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan ẹ wà ní àgbàlá, ó ju ọsàn sí yín lápá òsì, ó ní "Gbà!" Ọsàn bà yín lẹ́bàá etí, ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọkàn yín ò sí níbẹ̀ ni. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọsàn mìíràn, kò jù ú mọ́, ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀ lójú òsì yín. Kí ó tó di pé wọ́n gbé ìjà fún ẹ̀yin méjèèjì, pé ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú Kwara, ó ti mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ló fọ́ nǹkan nínú ẹyinjú yẹn. Ó mọ̀ pé nígbà tí dókítà ní kẹ́ ẹ ka lẹ́tà ara ògiri, ẹ ti há a sórí.

Ó wá ku ọ̀la tí ìjà máa wáyé. Ẹ wọlé nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Kẹ́hìndé, lọ sọ fún wọn. Sọ pé ara ẹ ò yá." Ẹ ní bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á yẹ̀ yín wò, bí wọ́n bá sì yẹ̀ yín wò, iṣẹ́ kóòṣì tí ìjọba ṣèlérí fún yín ti lọ nìyẹn, wọ́n ò ní fi olójú kan ṣe kóòṣì. Ẹ ní Táyé ti kú láti kékeré, ẹ̀yin nìkan ló kù fún ìyá yín. Ó ní, "Ó dáa, bí a bá wọnú ríìnì, kí n máa bá ẹ ṣeré bí?" Ẹ ní rárá, ará ìlú á mọ̀. Ó ní, "Bí aago bá lù, ọwọ́ mi ò mọ ọ̀rẹ́ o. Ìwọ náà mọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré níbẹ̀, o ti wọ òkùnkùn." Ẹ ní ẹ máa dáàbò bò ó. Ó ní, "Báwo lo ṣe fẹ́ dáàbò bo ibi tí o ò ti ríran?"

Ẹ wá kúnlẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ kọ́tìnì. Ẹ̀yin Kẹ́hìndé, ẹ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ ní, "Ọ̀ṣẹ́nì, má sọ fún ẹnìkan, má ba ayé mi jẹ́." Ó fà yín dìde.  Lẹ́yìn náà ló ní, "Máa lọ sílé. Ìwọ lọ síbẹ̀ lọ́la. Èmi ò ní wá."

Èmi ò ní wá! Ẹni tó ti ń múra látìgbà òjò, tí bàbá ẹ̀ tí í ṣe àfáà kọ́kọ́ lòdì sí i títí ó fi gbà fún un, tó gbà pé kóun náà wá jókòó wòran, torí pé ọmọ òun á ṣojú Kwara! Bàbá yẹn wá o. Ó dé láṣọ ńlá, ó jókòó níwájú, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ọmọ ẹ̀ ti wọ mọ́tò àárọ̀ lọ sóko wọn, ó ń bá àwọn ará oko túlẹ̀. Wọ́n pe Ọ̀ṣẹ́nì, Ọ̀ṣẹ́nì ò dáhùn. Wọ́n tún pè é, bàbá ẹ̀ dìde, ó ń bojú wẹ̀yìn. Rẹfirí wá gbé ọwọ́ yín sókè nínú ríìnì tó ṣófo. Bàbá yẹn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, wọ́n da omi sí i láṣọ. Àfáà àgbà! Títí tó fi kú, kò tún wo ojú ọmọ ẹ̀ dáadáa mọ́. Ọmọ ẹ̀ ò sì sọ fún un.

Kí ni wọn ò fi ojú wa rí? Bí ó bá ń kọjá lọ sí mọ́sáláṣí, àwọn ọmọ kéékèèké á máa kọ ọ́ lórin, "Ọ̀ṣẹ́nì sá lọ, ó gbàgbé ìbọ̀wọ́." Kóòṣì yín àtijọ́ tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Àwọn èèyàn mi wá láti mú mi lọ sílé, wọ́n ní ọkùnrin tó sá fún ẹ̀ṣẹ́, ṣé ó máa gbà mí lọ́wọ́ olè? Mo ní mi ò lọ. Wọ́n ní kí ló dé, mi ò lè sọ, torí ó ti mú mi búra. Mo kàn ń sunkún ni, wọ́n rò pé oògùn ló fi mú mi. Wọ́n máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rẹ́ yín ò rí ikú yàn. Ẹ̀sín ló gbé, ó gbé e bí ẹni gbé ẹrù ọmọ ìyá ẹ̀, ó gbé e wọ Ipata, ó gbé e wọ mọ́sáláṣí, ó gbé e dàgbà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣojú Kwara, ẹ ní ẹ ò jà mọ́, pé kò ku ẹnìkan tó tó bá yín jà. Ó dùn létí. Wọ́n fi yín ṣe kóòṣì. Ẹ fọgbọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Kàdúná, wọ́n ṣe ojú yín, ojú là. Bàbá Rasheedah, wàláhì, bíláhì, mi ò bínú pé ojú yín là. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́, sàráà ló ṣe, ó ra mọ́sà fún àwọn ọmọ kéwú, mo bá a pín in. Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí: ojú ti là, iṣẹ́ ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ti gbéyàwó, ẹ ti bímọ, ẹ ti gba ìfẹ̀yìntì, kí ló tún wá kù tí ẹ ń bẹ̀rù? Ta ló máa wá yọ ojú yín padà?

Kí lẹ wí?

Ẹ ní nígbà tó ti oko dé, òun ló ní kẹ́ ẹ má sọ. Ẹ ní ẹ búra fún un. Hẹ̀ẹ́! Èmi náà ńkọ́, ṣé mi ò búra? Al-Kùránì ló gbé sí mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí. Mo sì dákẹ́. Wọ́n bú u lójú mi, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ó ní kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ ò dákẹ́! Ẹ rẹ́rìn-ín! Ṣé ó bá yín ṣàdéhùn ẹ̀rín? Ṣé ó ní kẹ́ ẹ jókòó nínú stúdíò kẹ́ ẹ ní ó mọ ohun tó rí tó fi sá? Bí ẹ bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́," ìbúra wo nìyẹn ì bá bàjẹ́?

Ẹ mọ ohun tó sọ nígbà tí ètò parí? Ó ní, "Ohùn ẹ̀ ti ń gbó." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Abdulhaleem, ṣé o rò pé ojú yẹn ṣì ń ríran dáadáa?" Ojú yín ló ń bi mí! Ẹ̀rín yín ò tíì tán nínú yàrá, ojú yín ló ń bi mí!

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín tí ẹ ò mọ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ rédíò nìkan ló ń fọkàn ja ìjà yẹn. Òun náà ń jà á. Lẹ́yìn ìrun àásárì, bó bá jókòó sórí àga yẹn, mo máa ń rí i tó ń mi èjìká, tó ń fa orí sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì tó ti kú á wà lórí itan. Ìgbà àkọ́kọ́ mo rò pé àìsàn ló tún gbé e, mo sáré dìde. Ojú tì í. Ó ní, "Kò sí nǹkan. Kẹ́hìndé ni mò ń bá jà."

Ó wá ń sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó tì í, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Ó ní pápá kún dé ẹnu ọ̀nà, bàbá òun wà níwájú. Ó ní ẹ̀yin wọ ṣòkòtò aláwọ̀ sánmà, òun wọ funfun. Ó ní ẹsẹ̀ yín yá, ẹ ò dúró lójú kan, ẹ ń yọ ọwọ́ òsì bí àkùkọ tó ń ṣá àgbàdo. Ó ní òun ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, òun ń bá yín ní ìhà, ẹ ń ké "hẹ̀", èrò ń dìde. Kò pọ́n ara ẹ̀ o. Ó ní, "Kẹ́hìndé yá jù mí lọ. Èmi ni mo lágbára." Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ní ẹ ti lu òun ṣubú, òun ń gbọ́ kíkà rẹfirí, òun dìde. Mo bi í pé, "Ta ló wá borí?" Ó ní, "A ò tíì parí." Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, wọn ò tíì parí.

Ọjọ́ kan mo rí i tó ká ọwọ́ padà lójijì, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ó ṣí apá òsì sílẹ̀." Mo ní, "O ò ṣe kàn án?" Mò ń bá a ṣàwàdà ni. Ó yíjú wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́hun. Ó ní, "Màsúdát, ojú Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Nínú ọkàn ẹ̀ ni o! Nínú ọkàn lásán, níbi tí ẹnìkan ò ti lè fọ́jú, níbi tó ti lè lù yín pa kó má sẹ́ni tó máa mú un! Ó lè borí níbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní stúdíò, nínú ìjà àfọkànrò náà, ẹ lé e fo okùn. Òun, lórí àga ẹ̀, kò fọwọ́ kan ojú yín.

Ẹ má sunkún fún mi! Ẹ má tíì sunkún, mi ò tíì dé ibi tí ẹkún wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ rédíò yẹn, Abdulhaleem fóònù láti Malete. Ẹ mọ̀ pé Malete ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́hun fi jíǹkí wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní ọmọ Sálọ, ó ti bá wọn jà títí eyín ẹ̀ fi kán, ó ń jà fún bàbá tí kò jà. Ó wá dé ibi tí ẹnìkan ò ti mọ̀ ọ́n, ara rọ̀ ọ́. Ètò yín ló lọ bá a níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Bàbá mi, mi ò bi yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ sá?"

Èmi ni mo di fóònù mọ́ ọn létí. Mò ń mi orí sí i, mò ń fojú bẹ̀ ẹ́, mò ń sọ láìsọ pé, dákun, ọmọ ẹ ni, sọ fún un. Ó wò mí. Ó ní, "Mi ò lọ, ọmọ mi. Mi ò lọ ni." Abdulhaleem ní, "Ẹ sá nìyẹn." Ó ní, "Bó o bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀." Ọmọ pa fóònù. Ọdún Iléyá dé, kò wálé. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi itan àgbò pamọ́ dè é. Mo yan án, mo tọ́jú ẹ̀, ó ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ọlọ́hun ló pa á. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín pé ẹ̀rín yín ló pa á, ọjọ́ ẹ̀ ló pé, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abdulhaleem wọlé, wọ́n ti wẹ bàbá ẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, wọ́n ṣí ojú ẹ̀ fún un kó wò ó. Ó wò ó. Kò sunkún. Ó ní, "Kí Ọlọ́hun foríjìn wọ́n," bí ẹni tó ń kí òkú ará àdúgbò, ó sì lọ bá wọn tẹ́ ẹní fún àwọn tó wá. Áà! Bàbá Rasheedah! Ó ń lọ sí sàréè, ọmọ tó bí ò sunkún ẹ̀! Kí ló ṣe? Ẹ wí fún mi, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, kí ni Ọ̀ṣẹ́nì ṣe láyé tí ọmọ ẹ̀ ò fi ní sunkún ẹ̀?

Ibẹ̀ ni ẹkún wà. Ẹ lè máa sun ún wàyí.

Ẹ ní ẹ̀rù bà yín. Ẹ ní lójú gbogbo ènìyàn tó ń pè yín ní Ṣáńpíọ̀n, ẹ ò mọ ibi tí ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù! Ẹ wò ó, ẹ̀rù ló ń bà yín láti gbogbo ọdún yìí wá, òun ni wọ́n ń pè ní ojo. Mi ò bú yín o. Mo kàn ń sọ ọ́ kí n lè gbọ́ ọ létí ara mi ni.

Ẹ ní ẹ máa padà lọ sí rédíò náà? Ẹ lọ, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ará Ipata gbọ́, kí àwọn tó kọ́ àwọn ọmọ wọn lórin gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò ni mo kọ́kọ́ ń wá. Rédíò ò bímọ fún Ọ̀ṣẹ́nì. Ọmọ ẹ̀ ló wà níta yẹn tó ń bu omi fún àwọn tó ń kí yín.

Kí èmi sọ fún un? Mo lè sọ. Ó ti kú, ìbúra mi ti parí. Bí mo bá sọ ọ́, kí ni yóò rò? Á ní ìyá òun ń yin ọkọ ẹ̀ torí pé ó kú ni. Á ní, "Ó ti tó, ìyá mi, ẹ máa sinmi." Ta ló máa gba opó gbọ́ lórí ọkọ ẹ̀? Ẹnu kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí Abdulhaleem lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ kó gbà á. Ẹnu yẹn ló wà níwájú mi yìí.

Rárá, ẹ má dìde. Ẹ má sọ pé lọ́jọ́ fídáù. Ta ló mọ ẹni tó máa wà lọ́jọ́ fídáù? Ọ̀rẹ́ yín náà rò pé ẹ ṣì ń bọ̀.

Abdulhaleem! Abdulhaleem o! Gbé jọ́ọ̀gì yẹn fún ẹlòmíràn, wá. Wọlé, kó o sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá Rasheedah nìyí, o mọ̀ wọ́n. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí. Rárá, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ọ́, kò sí ìjà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá ọ sọ nípa bàbá ẹ, ó gùn díẹ̀, má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu.

Ó yá, Bàbá Rasheedah. Ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì ti jókòó. Ẹ la ẹnu yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.